Ọ̀gá mi tí wọ́n ní aró ń gbọ́ ohùn àwọn

ỌmọAláró · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà dá sí i. Àmọ́ ohun tí mo rí ní Òkè-Fìà láàárọ̀ yìí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọ̀gá mi ni mo rí, àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ àdìrẹ fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n jókòó sábẹ́ agbòòrùn, wọ́n ń ta káàdì ìpè. Ẹ má ṣì mí gbọ́, káàdì títà kì í ṣe olè. Bí wọ́n ṣe yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà kí wọn ló dùn mí. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ kí n tó rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí mi. Mo bá ṣe bí ẹni tó ń ṣa nǹkan nílẹ̀.

Ọwọ́ wọn dáa nígbà kan, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n mọ oníko, wọ́n mọ ẹlẹ́kọ, wọ́n mọ alábẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá fi fóòmù tẹ àbẹ́là sórí aṣọ, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníbàárà ń ti Èkó wá. Ibi ìkómọ kan ni nǹkan ti yí padà. Onílù kan fi dùndún kì wọ́n pé ìlú aró ni Òṣogbo, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni aró ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ná owó fún un lọ́jọ́ náà títí ìyàwó wọn fi ń fà wọ́n láṣọ lẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn, orin kan náà ni: "Aró ń gbọ́ ohùn mi." Tẹ́lẹ̀, kí a tó ti aṣọ bọ inú aró, wọn a kọ́kọ́ fi àkísà kékeré dán an wò. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí aró ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ló fẹ́ dán wò?

Iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan dé, 300 yáàdì, búlúù. Aró ò mú un. Lọ́jọ́ ìnáwó, oòrùn mú, àwọn èèyàn làágùn, aró bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sí wọn lára. Ọrùn ìyá ìyàwó di búlúù, léèsì tí ó wọ̀ bàjẹ́. Ẹbí náà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ní aṣọ funfun tí wọ́n kó wá ni kò dáa. Nígbà tó yá, wọ́n ní ayédèrú ni ẹni tó ta háídírọ̀, èròjà tí à ń pò mọ́ aró, fún àwọn tà. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní ẹnì kan ló ṣe àwọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò jáde lẹ́nu wọn ni "ẹ má bínú". Ilẹ̀ tí wọ́n rà sí ọ̀nà Ìlobùú ni wọ́n tà láti fi san owó yẹn. Kí ọdún tó yípo, ṣọ́ọ̀bù ti di ti oníṣẹ́ irun.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìgbéraga ló ṣe wọ́n ni, àbí ayé? Ayé ni ìyàwó wọn gbà pé ó jẹ́.

Jagunlabí01 · 9:20 alẹ́

Ọrùn ìyá ìyàwó di búlúù 😂😂 Ẹ dárí jì mí o. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń kẹ́dùn.

ÌyáÌbejì_Alékùwọdò · 9:41 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tajà ní Ọjà Ọba, mo sì ti rí ẹni tí ayé ṣe lóòótọ́, nítorí náà n kò ní bá ẹnikẹ́ni fi ìyàwó ọ̀gá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ rẹ̀ ni. Kí ló fẹ́ sọ?

Àmọ́ ìyá mi pa aró díẹ̀ kó tó kú. Háídírọ̀ tí atẹ́gùn bá ti wọ inú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọdé mọ ìyẹn. Ta ló fi ìdérí agolo sílẹ̀? Ta ló ro omi aró lọ́jọ́ náà? Ọ̀gá rẹ nìkan kọ́ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn · 10:05 alẹ́

Ìgbéraga ni, ìtàn wa sì kún fún un. Gáà di Baṣọ̀run ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1754. Fún ogún ọdún, òun ló ń fi ọba jẹ, òun náà ló ń ní kí ọba lọ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká ìgbèríko, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Abíọ́dún, ọba tó fi jẹ gbẹ̀yìn, ló rọra bá Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Àjàṣẹ́, mọ̀ ọ́n pọ̀. Ní 1774 tí wọ́n ká Gáà mọ́, arúgbó ni, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, oògùn tí wọ́n ní ó fi ń di erin kò sì jẹ́. Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí: bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́.

Èyí tó tún sún mọ́ wa jù ni ti Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Wọ́n ní nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó lérí pé ogun tí òun ń lọ jà yìí ni yóò fòpin sí ogun nílẹ̀ Yorùbá, àti pé ẹni tó bá ní òun ò ní lè ṣe é kò ní sí láyé nígbà tí òun bá ṣe é tán. Èkìtìparapọ̀ dúró dè é lábẹ́ Ògèdèngbé ará Iléṣà, lágbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí wa ní Òṣogbo níbí. Àwọn ìbọn tuntun tí wọ́n ń rí gbà láti Èkó ń dún kírìjì kírìjì, ibẹ̀ ni ogun ti gba orúkọ. Inú bùdó ni Látòósà kú sí ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, bùdó kò sì tú títí di 1893. Ogun ńlá parí lóòótọ́ bó ṣe wí, àmọ́ kì í ṣe òun ló parí rẹ̀.

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ wa kò gbọ́ fèrè.

Bàbá_Ayétòrò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ ìtàn, o ṣeun, o kàwé. Jẹ́ kí n fi ti àgbà kún un.

Ẹni tó bá ṣubú ni à ń pè ní agbéraga. Ẹni tó ṣe irú rẹ̀ gan-an tó sì borí, akíkanjú là ń pè é. Ká ní Látòósà ṣẹ́gun ni, orin ni à bá máa fi ìlérí yẹn kọ. Wo Kúrunmí ará Ìjàyè. Wọ́n ní olórí kunkun ni nítorí pé kò gbà kí Adélù, Àrẹ̀mọ Aláàfin Àtìbà, jọba lẹ́yìn tí Àtìbà wàjà ní 1859. Ohun tí ọkùnrin náà ń sọ ni pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn tó fọ́ ọ ló sì sọ ìtàn fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n pa ní 1874. Ìkà obìnrin lórí ìtàgé ni gbogbo wa mọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí bóyá ìkà rẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ pa á, tàbí ọrọ̀ rẹ̀ àti ẹnu tó fi ń kò Látòósà lójú.

Èyí tí n kò lè gbèjà ni Ṣàngó. Ìtàn kan ní ó ń dán agbára àrá wò, àrá já lu ààfin ara rẹ̀, ó pa aya, ó pa ọmọ. Èyí tí Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré ní ìlú wa yìí ní ọdún 1960 ó lé ni ti Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà. Akọni méjì ló ní, ẹ̀rù wọn ń bà á. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, níbí tí a ń wọ mọ́tò lọ kí ọbẹ̀ tó tutù, ó rò pé kò ní padà. Tìmì jókòó, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó tún rán Gbọ̀ọ́nkáà kó lọ mú un wá. Gbọ̀ọ́nkáà mú un wá, ó pa á, ló bá kọjú sí ọba. Ọba gba igbó lọ. Wọ́n ní ó so sórí igi àyàn. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọba kò so.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa. Ọkùnrin ti lọ, wọ́n ṣì ń bá a sẹ́ ẹ.

Adéṣàngó_Ẹdẹ · 6:30 àárọ̀

Bàbá, a gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun. Àmọ́ ọba kò so.

Bàbá_Ayétòrò · 6:33 àárọ̀

Má bínú, ọmọ mi. Kò so.

Nọ́ọ̀sìBísí · 1:17 ọ̀sán

Mo ń jẹun ọ̀sán ni mo fi ka èyí, ẹ jẹ́ kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kíá.

Ní 1995, ọkùnrin kan ní Pittsburgh, Amẹ́ríkà, fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù, ọsàn kíkan yẹn, pa ojú, ó wá lọ ja báǹkì méjì lólè lọ́sàn-án gangan. Kò fi nǹkan bojú. Ó ti gbọ́ pé èèyàn lè fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù kọ̀wé tí ojú ò ní rí, ó bá gbà pé kámẹ́rà ò ní rí ojú òun náà. Àfẹ́ẹ̀rí òyìnbó nìyẹn o! Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n mú un. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní òun ṣáà fi omi náà pa ojú.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí David Dunning àti Justin Kruger ní Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìdánwò, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n rò pé àwọn wà. Tí ẹ bá to èèyàn 100 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn tó wà ní bíi ipò 12 gbà pé ipò 62 ni àwọn wà. Òye tí èèyàn fi ń ṣe nǹkan dáadáa náà ló fi ń mọ̀ pé òun ò ṣe é dáadáa. Tí kò bá sí, méjèèjì ni kò sí.

Àmọ́ kì í ṣe irú èyí ló ṣe ọ̀gá ỌmọAláró, ibẹ̀ ni mo ń lọ. Wọ́n mọ iṣẹ́! Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tuntun kọ́ ló máa ń bà mí lẹ́rù jù, ẹ̀rù ń ba òun náà, á yẹ orúkọ oògùn wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ti pẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí ìgò wà, ni kì í kà á mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnì kan lára, èèyàn méjì ló máa yẹ orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ náà wò, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá náà èèyàn ni.

Ta ni ẹnì kejì ní ṣọ́ọ̀bù aró yẹn?

TélọTáíwò · 2:48 ọ̀sán

Gbogbo yín ń lu ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó bu àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù, ó ní bí mo ṣe ń gé agbádá kò bá ìgbà mu. Mo ní kó gé e. Ó gé e. A fi aṣọ yẹn rán ṣòkòtò ọmọdé.

Jagunlabí01 · 2:55 ọ̀sán

Táíwò, ṣé ìwọ náà kì í ṣe agbéraga báyìí? Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ nípa agbádá yẹn o 😂

TélọTáíwò · 2:57 ọ̀sán

Wá gba ìwọ̀n rẹ kó o mọ̀.

ỌmọAláró · 11:38 alẹ́

Láti àná ni mo ti rí ìbéèrè Ìyá Ìbejì, mo ń fò ó. Nọ́ọ̀sì náà tún wá béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sùn.

Èmi ni mo ro omi náà.

Ẹni tó bá mọ aró mọ̀ pé tí sódà àti háídírọ̀ bá ti bá a ṣiṣẹ́, omi ò ní dúró ní búlúù. Á yí sí àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n. Aṣọ náà á jáde bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ló máa wá sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. N kò tíì rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Lọ́jọ́ náà mo gbé ọ̀pá sínú ìkòkò, mo rò ó, mo dúró, mo tún rò ó. Búlúù ni. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. A wo ara wa.

Oṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó ṣáájú mi ní ṣọ́ọ̀bù ti sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi kékeré dán an wò." Ojú oníbàárà ni wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni ẹyin ti ń kọ́ adìyẹ ní ìyíyé. Wọ́n sún fíríìdọ̀mù rẹ̀ síwájú ní ọdún kan. Tèmi ku oṣù mẹ́ta. Màmá mi ti rà mí ní aṣọ tí mo máa wọ̀, wọ́n ti sọ fún ẹbí.

Mo bá dákẹ́. Ọ̀gá dé, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n ní "ẹ kó aṣọ sí i". Mo kó o sí i.

Èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ni pé inú mi dùn díẹ̀. Ọkàn mi ń sọ pé, jẹ́ ká wò ó bóyá aró máa gbọ́ ohùn wọn lónìí.

Jagunlabí01 · 11:52 alẹ́

Ha. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa ara yín o. Ẹni tó bá na ẹni tó ń sọ òótọ́ ti sanwó fún irọ́ nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Alékùwọdò · Ọjọ́rú, 5:40 àárọ̀

Mo ti mọ̀ pé o mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í pàdánù oúnjẹ alẹ́ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò kí i.

N kò bú ọ. Àmọ́ má pè é ní ìgbéraga ọ̀gá rẹ nìkan mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn · 8:10 àárọ̀

Mo fa ọ̀rọ̀ mi nípa fèrè ọdẹ sẹ́yìn. Ọdẹ ò fọn fèrè. Ó ti rí ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fọn ọ́n ṣáájú.

Bàbá_Ayétòrò · 8:45 àárọ̀

Ìtàn ìlú wa ni ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn kó àwọn èèyàn wọn ti Ìpólé wá nítorí omi, etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n ń gé igi láti dáko, igi kan wó sínú odò. Wọ́n ní ohùn kan jáde nínú omi: "Oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé orúkọ Òṣogbo ti wá.

A ti fi ìtàn yìí kọrin, a ti fi ṣọdún, àwọn àlejò ń ti òkèèrè wá wo igbó náà, pàápàá láti 2005 tí UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ohun tí mo máa ń wò nínú rẹ̀ ni pé Láròóyè ò jiyàn. Kò ní òun kọ́ ló gé igi. Kò ní ta ló gbé ìkòkò aró síbi tí igi lè wó sí. Wọ́n ní kó kó kúrò létí omi, ó kó kúrò. Ọba tó ti tẹ̀dó, tó ti kọ́lé! Ó ru ẹrù rẹ̀, ó gòkè lọ.

ỌmọAláró, ilé ọ̀gá rẹ jìnnà sí tìẹ bí?

ỌmọAláró · 9:02 àárọ̀

Òkè-Baálẹ̀ ni wọ́n wà, Bàbá. Ọkọ̀ kan ni.

TélọTáíwò · 9:15 àárọ̀

Má mú owó lọ o. Ọ̀gá tí ojú ń tì, owó ló máa fi lé ọ jáde.

ỌmọAláró · Ọjọ́ Àìkú, 7:26 alẹ́

Mo lọ lánàá. N kò mú owó lọ. Iṣu mẹ́ta ni mo gbé dání, mo fún ìyàwó wọn lẹ́yìnkùlé.

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, n kò dìde. Orí ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ́: "Ọ̀gá, omi yẹn ò yí lọ́jọ́ náà. Mo rí i, mi ò sọ fún yín."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ẹni kan ń lọ ata nílé kejì, mo gbọ́ ẹ̀rọ náà títí ó fi parí. Wọ́n wá ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Mo rí i kí ìwọ tó rí i. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ dúró tí ẹ ń wo ẹnu mi. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé aró kò gbọ́?"

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n fa etí bùbá ọrùn mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Wọ́n fi itọ́ rin àtàǹpàkò, wọ́n fi ra á, wọ́n gbé ìka náà síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ṣì ń yọ díẹ̀. Sódà rẹ ti pọ̀ jù ni, àbí o ò fọ̀ ọ́ dáadáa."

Mo ní, "N kò fọ̀ ọ́ dáadáa, sà."

Mo máa pa aró tuntun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní àwọn lè yà wò ó, tí òjò ò bá rọ̀.

ÌyáÌbejì_Alékùwọdò · 7:31 alẹ́

Tó bá rọ̀, gbé agbòjò lọ mú wọn.